Kí Ọwọ́ Ọmọ Má Dilẹ̀: Iṣẹ́ àti Eré Inú Ilé fún Ọmọ Ọdún 2 sí 6

Ọmọdé tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ á wáṣẹ́ fúnra rẹ̀, iṣẹ́ tó bá sì rí kì í dùn mọ́ àgbà nínú. Ó lè jẹ́ gàrí tó ń bù sínú bàkẹ́tì omi, ó lè jẹ́ fóònù bàbá rẹ̀ tó ń fi ọṣẹ fọ̀. Ní ilẹ̀ Òkun níbí, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, láti Kàbà dé Ìsánlú títí lọ dé Ẹ̀gbẹ̀, àárín òjò ni ọlidé tó gùn jù máa ń bọ́ sí. Ilẹ̀ á rin, ọ̀nà oko á máa yọ̀, iná ò ní sí, ọmọ mẹ́ta mẹ́rin á wá kóra jọ sí pálọ̀ kan láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Òbí tó wà nírú ilé bẹ́ẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀: ẹni tó ní iṣẹ́ tirẹ̀ láti ṣe, tí kò lówó ohun ìṣeré oníbátìrì, tó sì ti sú láti máa pariwo "Gbé e sílẹ̀!"

Ohun kan ni mo gbé gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí lé. Iṣẹ́ àgbà ni ọmọ kékeré ń wò ṣáá, òun náà ló sì wù ú ṣe. Ẹ ra mọ́tò oníná fún un, kò ní pẹ́ tó fi máa tú u palẹ̀. Ẹ fún un ní ilá márùn-ún àti ọ̀bẹ ike tí kò mú, kó jókòó ti yín kó máa gé e, ẹ ó gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó wá eré, ẹ wo iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ nínú ilé lọ́jọ́ náà, kí ẹ bu díẹ̀ fún un nínú rẹ̀. Ọkùnrin o, obìnrin o, bákan náà ni. Ẹni tó bá sọ pé ọmọkùnrin kì í wọ ilé ìdáná, tirẹ̀ ló máa dàgbà tí kò ní lè se ẹ̀bà fún ara rẹ̀.

Kí ẹ tó fi nǹkan lé ọmọ lọ́wọ́

Ẹ wá apẹ̀rẹ̀ tàbí páálí Indomie tó ṣófo. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ó ti rí nǹkan tó máa kún un láì náwó: ike bọ́tà, ìdérí ìgò, ṣíbí onígi tó ti gbó, kùùkù àgbàdo gbígbẹ, àjákù ańkárá lọ́dọ̀ télọ̀, òwú, bébà tí wọ́n ti kọ ojú kan rẹ̀, èédú díẹ̀ nínú ọ̀rá. Ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ náà sókè níbi tí ọwọ́ ọmọ kò tó. Gbígbé e sókè yẹn ṣe pàtàkì ju ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ. Ohun tó bá wà nílẹ̀ nígbà gbogbo kì í jọ ọmọ lójú mọ́, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ bá gbé sọ̀ kalẹ̀ níṣojú rẹ̀, tuntun ni lójú rẹ̀. Ẹ mú nǹkan kan jáde lẹ́ẹ̀kan. Tó bá ti sú wọn, ẹ kó o padà, kí wọ́n má rí i mọ́ títí di ọ̀tunla.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 ṣì ń fi ẹnu mọ ohun gbogbo. Ẹ mú páálí róbótó tó máa ń wà láàárín tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹ fi wọn ohun tí ẹ fẹ́ fún un. Ohun tó bá gba inú rẹ̀ kọjá lè há sí i lọ́fun. Ìdérí ìgò, ẹ̀wà, ẹ̀gúsí, ọmọ ayò, kò sí èyí tó jẹ́ ti ọmọ ọdún 2 nínú wọn. Ẹ̀pà lódindi, ẹ má fi fún ọmọ tí kò tíì tó ọdún 5, bó ti wù kó máa sunkún tó. Ẹ̀wà tún ní wàhálà tirẹ̀: ọmọ máa ń tì í bọ imú àti etí. Tó bá ti wọlé, ẹ má fi nǹkan tọ́ ọ, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, torí pé bí ẹ bá ṣe ń tọ́ ọ ló ń wọlé sí i, ẹ̀wà sì máa ń wú nínú ọ̀rinrin.

Ti fóònù ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) sọ ní ọdún 2019 pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 má wo ojú tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù rárá, pé kí ti ọmọ ọdún 2 sí 4 má ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́, ó sì sàn tí kò bá tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún ní kí ọmọ tó ti pé ọdún 1 máa fi wákàtí 3 ó kéré tán ta pọ́ún-pọ́ún kiri lójúmọ́. Ti wákàtí 3 yìí ni mo mú ní pàtàkì jù, torí ọmọ tí ara rẹ̀ ò tíì wálẹ̀ kò lè jókòó ṣe iṣẹ́ ọwọ́ kankan.

Ẹ jẹ́ kí òógùn bọ́ lára wọn ná

Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, kí òòrùn tàbí òjò tó le, ẹ lé wọn síta. Tí òjò bá ti ṣú, ẹ ti àga pálọ̀ mọ́ ògiri. Ẹ fi èédú fa ìlà kan sórí sìmẹ́ǹtì láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí fèrèsé, kí wọ́n máa rìn lórí rẹ̀ láì yà. Tí ìyẹn bá ti rọrùn, kí wọ́n rìn ín sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àkísà ká òṣùká kékeré fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé abọ́ ike lé e lórí, kùùkù àgbàdo mẹ́ta nínú rẹ̀, kí wọ́n tún ìlà yẹn rìn. Ìgbà tí abọ́ bá dúró ni kí ẹ fi kùùkù kan kún un. Àwọn ìyá wa tó ń ru igi dé láti oko ni wọ́n ń ṣe bí ẹni pé àwọn jẹ́, ẹ ó sì rí i bí ojú wọn ṣe máa le.

Bọ́ọ̀lù àkísà kò ju iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ: ẹ kó àkísà sínú ìbọ̀sẹ̀ tó ti já, ẹ lọ́ ẹnu rẹ̀, ẹ yí ìyókù padà bò ó, ẹ fi òwú rán an. Kò lè fọ́ gíláàsì, kò sì lè ṣe ẹni tó bá bà ní nǹkan. Bojúbojú náà dára, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ti ilé ìdáná, kí ẹ sì bo gbogbo ohun tó ní omi. Omi tí kò ju ọrùn ọwọ́ lọ nínú bàkẹ́tì ti tó láti gba ẹ̀mí ọmọ tó bá dojú bọ inú rẹ̀. Suwé jẹ́ ti àwọn tó ti tó ọdún 5. Àwọn kékeré kàn máa ń pa ìlà rẹ́ ni.

Omi

Bí ẹ bá ní iṣẹ́ kan tí ẹ gbọ́dọ̀ parí, tí ẹ fẹ́ kí ọmọ ọdún 2 tàbí 3 dákẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, omi ni kí ẹ fún un. Ẹ tẹ́ àpò ìrẹsì sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí lẹ́yìnkùlé níbi tí ẹ jókòó sí. Ẹ gbé abọ́ ńlá méjì lé e, ọ̀kan ní omi tó mọ níwọ̀nba, ọ̀kan ṣófo. Ẹ fún un ní kọ́ọ̀bù kan, kó máa bu omi láti inú abọ́ kan sí èkejì. Òun náà nìyẹn. Tó bá fẹ́ máa sú u, ẹ fi kàn-ìn-kàn-ìn sí i, kó máa rì í bọmi kó máa fún un. Lẹ́yìn náà, ẹ mú àrọ tí ẹ fi ń rọ epo wá lẹ́yìn tí ẹ ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ fi ìgò ike kan tì í. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan náà.

Fún ẹni ọdún 4 sí 6, ẹ kó òkúta, ewé, ṣíbí, ìdérí ìgò, igi gbígbẹ àti ọsàn kan jọ. Kó sọ èyí tó máa léfòó àti èyí tó máa rì kó tó jù ú sómi. Ọsàn ló ń yà wọ́n lẹ́nu jù: tí èèpo bá wà lára rẹ̀, á léfòó, tí ẹ bá bó o tán pátápátá títí kan funfun ara rẹ̀, ó sábà máa ń rì. Ẹ má yára ṣàlàyé fún wọn. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n rò pé ó fà á, kí ẹ sì gbọ́ ìdáhùn tí wọ́n máa fún yín.

Omi tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn eré náà, kí wọ́n fi fọ ìbọ̀sẹ̀ wọn àti áńkáṣíìfù. Kò ní mọ́. Ẹ tún un fọ̀ tí wọ́n bá ti sùn, kí ẹ má ṣe é lójú wọn.

Ẹ má kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi láti lọ dá ẹnikẹ́ni lóhùn lẹ́nu ọ̀nà. Tí ẹ bá máa dìde, ẹ da omi nù kí ẹ tó dìde.

Iṣẹ́ ilé ìdáná

Ẹ̀gúsí ò jìnnà sí wa, ẹ̀gúsí bíbó sì jẹ́ iṣẹ́ tó ń mú ọmọ ọdún 5 sí 6 jókòó pẹ́. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i lára kí èèpo lè rọ̀, ẹ bu ìwọ̀n ẹ̀kúnwọ́ kan péré sínú abọ́ tirẹ̀. Ẹ fi hàn án bí a ṣe ń fi èékánná tẹ etí rẹ̀ títí á fi là. Ẹ má bu ẹ̀gúsí ọjà fún un o. Èyí tí ẹ máa sè lálẹ́ ni kí ẹ bù, torí pé ìdajì rẹ̀ máa fọ́, ìyókù á sì gba ẹnu lọ. Lálẹ́, ẹ sọ ọ́ létí bàbá rẹ̀ pé òun ló bó ẹ̀gúsí ọbẹ̀. Ẹ wá wo bó ṣe máa jẹun.

Ẹ̀wà ṣíṣà wà fún ẹni ọdún 4 sókè. Ẹ da ẹ̀wà sórí fẹrẹgẹ̀dẹ̀, ẹ fi abọ́ mẹ́ta tì í: ọ̀kan fún ẹ̀wà tó dára, ọ̀kan fún èyí tí kòkòrò ti jẹ, ọ̀kan fún òkúta. Bí wọ́n ti ń ṣà á, ẹ pàlọ́ fún wọn: Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò. Ọmọ tó ní ẹ̀wà lọ́wọ́ tó ń wo dúdú ojú rẹ̀ kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n ka òkúta tí wọ́n bá rí, ení, èjì, ẹ̀ta, ẹni tó bá rí jù ló ń mú dòdò àkọ́kọ́. Ẹ̀gún kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n lè lọ kó òkúta wá láti ìta kí tiwọn lè pọ̀.

Ti ọmọ ọdún 2 àti 3 rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fún un ní ewé ẹ̀fọ́ kó máa já a kúrò lára igi rẹ̀. Ẹ fún un ní ìkòkò àti ìdérí oríṣiríṣi, kó wá èyí tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu. Kó máa fi ọmọrogùn ro ewé nínú ìkòkò òfìfo. Ariwo á pọ̀. Ó sàn ju kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò lọ. Tí ẹ bá ń dáná igi, ẹ fi òkúta tàbí àpótí ìjókòó sàmì ibi tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, kí àmì yẹn má yí padà láé. Kẹrosíìnì ò gbọ́dọ̀ wà nínú ìgò tí wọ́n ti ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò rí.

Bí wọ́n bá ń gé ẹ̀gẹ́ nínú ilé, kí ọmọ má jẹ ẹ́ ní tútù. Májèlé wà nínú rẹ̀, pàápàá èyí tó korò, tí rírẹ, yíyan àti sísè ń lé jáde.

Amọ̀

Láyé ìgbà tí fulawa ti wọ́n báyìí, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni máa fi í po ohun ìṣeré lójoojúmọ́. Amọ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́. Erùpẹ̀ òkìtì ọ̀gán ló dára jù, ó máa ń lẹ̀ mọ́ra dáadáa. Àgbà ni kó lọ bù ú, láti ẹ̀gbẹ́ òkìtì, kò gbọ́dọ̀ ki ọwọ́ bọ ihò rẹ̀, torí ejò àti àkeekèé ń gbé níbẹ̀. Ẹ má bu erùpẹ̀ níbi tí ewúrẹ́ àti adìyẹ ń dà sí, aràn á bá a wọlé.

Ẹ gún un, ẹ sẹ́ òkúta kúrò, ẹ máa wọ́n omi sí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń pò ó títí tó fi máa fà bí iyán. Ẹ fi aṣọ tútù wé e, ẹ kì í sínú ọ̀rá, kó sùn mọ́jú. Á ràn ju bó ṣe wà lánàá lọ. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tó kún àtẹ́lẹwọ́. Kí wọ́n yí i róbótó, kí wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀, kí wọ́n máa fi ìka méjì fún etí rẹ̀ yí po: ìkòkò dé nìyẹn. Lẹ́yìn ìkòkò, ààrò olókùúta mẹ́ta ló ń tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ààrò, wọ́n á fẹ́ mọ iyán tó máa wà nínú rẹ̀. Ẹ ò ní láti kọ́ wọn ní ìyẹn. Ìbòòji ni kí ẹ sá a sí fún bí ọjọ́ méjì mẹ́ta. Tí oòrùn bá pa á tààrà, á sán.

Ọmọ ọdún 2 tó ń jẹ erùpẹ̀, ẹ ro àmàlà láfún díẹ̀ kó le, kó tutù, ẹ fi epo pupa kun ọwọ́ rẹ̀. Kó máa fi ìyẹn mọ nǹkan. Bó bá jẹ ẹ́, oúnjẹ ni. Ẹni tó bá ní fulawa, ife 2 fulawa sí ife 1 iyọ̀ ni, pẹ̀lú omi bí ife 1 tí ẹ ń dà á díẹ̀díẹ̀, ẹ dúró tó bá ti ń dì. Ẹ lè fi omi ìṣápá pupa tí wọ́n fi ń ṣe sóbò po apá kan kó lè ní àwọ̀. Iyọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ jù fún ikùn ọmọdé, nítorí náà kì í ṣe ti ẹni tó ṣì ń kó nǹkan sẹ́nu.

Òfì páálí

Ní agbègbè wa níbí, híhun ò ṣàjèjì. Láyé àtijọ́, àwọn ìyá Bùnú ń hun aṣọ lórí òfì tó dúró lóròó, aṣọ ìpò pupa tí a fi ń yẹ àgbà tó kú sí sì wà lára ohun tí a mọ̀ wọ́n mọ́. Nike Okundaye tí ayé mọ̀ mọ́ àdìrẹ lónìí, ọmọ Ògìdì ní Ìjùmú ni, àárín àwọn àgbà tó ń hun aṣọ tó ń rẹ aró ló sì dàgbà sí. Mi ò sọ pé ọmọ yín máa di Nike. Mo kàn ń sọ pé ọmọ ọdún 5 lè hun, tí ẹ bá ṣe òfì tó mọ níwọ̀n ọwọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ yìí nìkan ló lè mú un jókòó fún odindi ọ̀sán, tó sì tún máa béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ẹ gé páálí tó nípọn ní ìwọ̀n ojú ìwé ìkọ̀wé iléèwé. Àgbà ló ń gé e. Ní etí òkè, ẹ fi rúlà sàmì mẹ́sàn-án, kí àlàfo àárín wọn tó ìbú ìka kan, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní etí ìsàlẹ̀ kí wọ́n dojú kọra. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé ojú àmì kọ̀ọ̀kan wọlé díẹ̀, kò ju gígùn èékánná lọ. Fún ọmọ ọdún 4, àmì méje ti tó.

Ẹ mú òwú tó lágbára, irú èyí tí wọ́n fi ń di àpò. Ẹ so orí rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn páálí, ẹ fà á wá síwájú gba ojú àmì àkọ́kọ́ lókè, ẹ fà á lọ sí àmì àkọ́kọ́ nísàlẹ̀, ẹ fi kọ́ ẹ̀yìn eyín páálí tó tẹ̀ lé e, kó jáde ní àmì kejì, kó tún padà sókè. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó máa lọ títí ẹ ó fi dé àmì tó kẹ́yìn, kí ẹ so ìdí rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Òwú mẹ́sàn-án tó dúró lóròó ló máa wà níwájú yín. Kó má le jù. Tí páálí bá ti tẹ̀ bí ọrun, ẹ tú u dẹ̀.

Ẹ gé àjákù ańkárá sí tẹ́ẹ́rẹ́, ìbú rẹ̀ bí ìka kan, gígùn rẹ̀ bí apá ọmọ náà. Tó bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, á máa lọ́ mọ́ra. Kó mú àwọ̀ tó bá wù ú. Kó wá fi orí aṣọ náà gun orí òwú kan, kó gba abẹ́ èkejì, kó gun orí ẹ̀kẹta, kó máa fẹnu sọ ọ́ bí ó ti ń lọ: "lórí, lábẹ́, lórí, lábẹ́." Ẹ jókòó tì í fún ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́. Ìlà kejì ni wọ́n ti máa ń ṣìnà: òwú tí aṣọ gba orí rẹ̀ lọ, abẹ́ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbà bọ̀. Tó bá gba orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo rẹ̀ á yọ wálẹ̀. Ẹ jẹ́ kó yọ. Ó máa rí ohun tó fà á fúnra rẹ̀ kánkán ju bí ẹ ṣe lè sọ ọ́ lọ.

Lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan, kó fi òòyà àtijọ́ ti aṣọ náà wálẹ̀ kó lè fún. Àléébù kan wà tí gbogbo wọn ń ní: wọ́n á fa aṣọ náà le ní etí, àárín iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í fún mọ́ra bí ìbàdí. Ẹ kọ́ ọ kó fi àtàǹpàkò mú etí níbi tí aṣọ ti ń yí padà, kó jẹ́ kí aṣọ náà dagun díẹ̀ kó tó tì í wálẹ̀. Tí aṣọ kan bá tán, kó kàn bẹ̀rẹ̀ òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìdí méjèèjì á wà lẹ́yìn.

Tó bá kún dé òkè, ẹ tẹ eyín páálí kí òwú lè yọ kúrò lára rẹ̀, ẹ so etí rẹ̀ pọ̀ ní méjì-méjì. Ẹ máa gbé ìkòkò ọbẹ̀ lé e lórí tábìlì, kí ẹ sì jẹ́ kí àlejò mọ ẹni tó hun ún. Àbúrò ọdún 3 tó ń wò ó, tó ń sunkún pé òun náà fẹ́, ẹ fún un ní agbọ̀n ike tí wọ́n fi ń kó ata, kó máa ki okùn bàtà gba ihò rẹ̀ kọjá.

Kajú àti làpálàpá

Láti ìparí ẹ̀ẹ̀rùn dé ìbẹ̀rẹ̀ òjò, nǹkan bí oṣù kejì sí ìkarùn-ún, kajú ló ń gba ọwọ́ àwọn ọmọ ní ilẹ̀ wa. Kí wọ́n máa ṣà á lábẹ́ igi, kí wọ́n máa kà á ní mẹ́wàá mẹ́wàá, kí wọ́n máa jẹ èso rẹ̀, ó dára. Kóró rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́. Epo tó wà nínú èèpo kóró kajú tútù máa ń jó awọ ara, ó sì máa ń lé ròrò. Ọmọdé ò gbọ́dọ̀ fi eyín tàbí òkúta fọ́ ọ, kò gbọ́dọ̀ jókòó síbi èéfín rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sun ún, torí epo náà máa ń ta kúrò nínú iná, èéfín rẹ̀ sì ń ta ojú. Tí wọ́n bá ti ṣà á tán, ọṣẹ àti omi.

Làpálàpá tó yí ọgbà ká ńkọ́? Àwa náà fẹ́ oje rẹ̀ rí pẹ̀lú koríko tí a ká róbótó, tó ń yọ fùkẹ̀ fùkẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Èso rẹ̀ ló léwu. Ó dùn lẹ́nu, ọmọ tó bá sì jẹ ẹ́ á bì, á ṣu gbuuru títí ara rẹ̀ á fi rọ. Mi ò rí ìdí tí ẹ fi máa kọ́ wọn ní eré lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi yẹn nígbà tí omi ọṣẹ wà. Ẹ po ọṣẹ ìfọwọ́ pẹ̀lú omi, ẹ fi igi ewé ìbẹ́pẹ tí ẹ ti fọ oje kúrò lára rẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n máa fẹ́ ẹ síta, kí wọ́n má fà á mu. Èso lárá náà, májèlé ni. Tí ọmọ bá jẹ èyíkéyìí nínú wọn, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú èso tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má fi epo pupa rọ ọ́ lẹ́nu.

Tí ilẹ̀ bá ti ṣú

Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sórí àga, kó dojú kọ ògiri, kí ọmọ máa fi ọwọ́ ṣe òjìji ẹyẹ àti ajá. Kí ọwọ́ sún mọ́ tọ́ọ̀ṣì, òjìji á tóbi; kó sún mọ́ ògiri, á kéré. Lẹ́yìn ìyẹn, àlọ́.

Àlọ́ àpamọ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí pé ẹnu gbogbo wọn ló ń yá. Èyí tí ìdáhùn rẹ̀ wà nítòsí ló dára fún kékeré: Kí ló ń kọjá lójúde ọba tí kò kí ọba? Tí òjò bá ti rọ̀ lọ́jọ́ náà, tí wọ́n sì ti rí àgbàrá, wọ́n á mọ̀ ọ́n. Gbogbo ilé sùn, Kánńbó ò sùn. Ẹ fi ìka kan imú yín díẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ juwọ́ sílẹ̀. Ẹni ọdún 5, ẹ ní kó pa tirẹ̀, kó wo nǹkan kan nínú iyàrá, kó sọ bó ṣe rí láì dárúkọ rẹ̀. Ti ìgbà àkọ́kọ́ kì í nítumọ̀. Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀.

Ti àlọ́ onítàn, ẹ sọ ọ́ ní èdè ilé yín, ìbáà ṣe Yàgbà, Ìjùmú, Ọ̀wọ́rọ̀ tàbí ti Kàbà. Iléèwé á kọ́ wọn ní ìyókù. Ẹ pín ohùn fún wọn: ọ̀kan ni Ìjàpá, ọ̀kan ni Yánníbo, àbíkẹ́yìn ni adìyẹ tó kàn ń kọjá. Bí ẹ bá dé ibi tó le nínú ìtàn, ẹ dúró, kí ẹ béèrè pé kí ni Ìjàpá máa ṣe báyìí. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, kí ẹ̀gbọ́n sọ ìtàn náà fún àbúrò nígbà tí ẹ ń fọ abọ́.

Ìjà

Ìjà máa wà. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo ni ẹ gbé kalẹ̀ fún ọmọ mẹ́ta. Kí abọ́, amọ̀ àti ṣíbí jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí wọ́n sì bára mu. Tí ọ̀kan bá pupa tí ìyókù sì jẹ́ aláwọ̀ ewé, ẹ ti dá ogun sílẹ̀ nìyẹn. Ohun tí kò ṣeé pín, bíi àrọ tàbí òòyà, ẹ kà á fún wọn: ẹnì kan ń lò ó, ẹnì kejì ń kà dé ogún sókè ketekete, kí wọ́n wá pààrọ̀.

Ẹ má fi ẹ̀gbọ́n ọdún 6 ṣe olùtọ́jú àbúrò ní gbogbo ọjọ́. Fún un ní iṣẹ́ tirẹ̀ lórí tábìlì níbi tí ọwọ́ àbúrò kò tó, pàápàá òfì páálí yẹn, torí ọmọ ọdún 2 máa ń fà á ya láàárín ìṣẹ́jú kan. Tí gbogbo rẹ̀ bá ti dàrú, tí ẹni mẹ́ta ń sunkún lẹ́ẹ̀kan náà, ebi tàbí oorun ni. Ẹ kó apẹ̀rẹ̀ padà sókè, ẹ po ògì gbígbóná, kí ẹ sì tẹ́ ẹní.